Dùùrù Ẹnu Tí Ẹwìrì Dán Wò

Ọkùnrin kan wà tí kì í fi ẹnu kan ohun tí ẹnu ẹlòmíràn ti kàn. Mo ní kí n tètè sọ èyí ná, Àjàdí, nítorí pé iṣẹ́ tí ọkùnrin náà yàn láàyò ni kí ó máa tún dùùrù ẹnu àlòkù ṣe.

O mọ dùùrù ẹnu. Ohun pẹlẹbẹ tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, tí a ń gbé sáàárín ètè bí ẹni ń jẹ àgbàdo sísun. Bí o bá mí sí i, a dún. Bí o bá fa èémí padà láti inú rẹ̀, a tún dún. N kò mọ ohun èlò orin mìíràn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi bẹ́ẹ̀.

Inú ẹrù òkìrìkà ni àwọn dùùrù náà ti ń wá. Àwọn tó ń tú ẹrù a máa bá wọn nínú àpò ẹ̀wù òtútù tí àwọn òyìnbó ti wọ̀ gbó. Ẹni tó wọ ẹ̀wù náà lè ti kú, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn sanra jù ú lọ ni. Ẹ̀wù kì í sọ. Wọ́n á kó àwọn dùùrù náà sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé wọn tọ ọkùnrin yìí wá bí ẹni gbé ẹja gbígbẹ. Ìlú rẹ̀ wà létí ọ̀sà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kọjú sí omi. Onídùùrù ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ dára. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Á tú sukúrù, á ṣí ìbòrí irin ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, á wá kọjú sí àwọn ahọ́n idẹ tó tò sínú rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Inú àwọn ahọ́n wọ̀nyí ni ohùn wà. Ahọ́n gígùn ló ń sọ̀rọ̀ bí àgbà, ahọ́n kúkurú ló ń ké bí ẹyẹ. Bí ohùn kan bá ti rẹlẹ̀ jù, á fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ ha ṣóńṣó ahọ́n náà díẹ̀, ohùn á gòkè. Bí ó bá ga jù, á ha ìdí rẹ̀, ohùn á sọ̀kalẹ̀. Á yọ igi tó ti jẹrà kúrò láàárín, á gbẹ́ òmíràn láti ara ọ̀gánwó, á fi ìda oyin pa á lára kí itọ́ má baà mu ún. Á dán irin rẹ̀ títí yóò fi máa tàn bí ojú omi ní ìrọ̀lẹ́. Bí oníbàárà bá fẹ́, á fín oríkì rẹ̀ sára ìbòrí. Ọkùnrin kan wá, ó ní kí ó fín oríkì gbogbo ìdílé òun sí i. Onídùùrù ní kí ó lọ gbé ilẹ̀kùn wá.

Ní ọ̀sán, nígbà tí ìtànṣán oòrùn bá ń jó lórí omi, afẹ́fẹ́ ọ̀sà a máa gba ojú fèrèsé wọlé, a máa fọwọ́ kan àwọn dùùrù tó wà lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí Onídùùrù kò tíì tún ṣe a máa dáhùn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó gbàgbọ́ pé èémí àwọn tó kọ́kọ́ ni wọ́n ló ṣẹ́kù sínú wọn, pé wọ́n ń bèèrè ọ̀nà ilé ní èdè tí òun kò gbọ́. Á dá iṣẹ́ dúró, á tẹ́tí sí wọn títí afẹ́fẹ́ yóò fi rọlẹ̀. Àwọn tí ó ti tún ṣe kì í dáhùn. Ó rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ṣùgbọ́n kò ní fi ẹnu kan èyíkéyìí nínú wọn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ti sọ fún un láti kékeré pé ẹnu ènìyàn jẹ́ ilé tí kò ní ìgbálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára ju oúnjẹ ìyá náà lọ. Ife tirẹ̀ ló ń mú lọ sí òde ìnáwó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ó yọ ife tirẹ̀ láti abẹ́ agbádá. Àlùfáà wo ife náà, ó wo òkè ọ̀run, kò rí ìdáhùn, ó bá bu wáìnì sí i.

Báwo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe mọ̀ pé dùùrù ẹnu tí òun tún ṣe ń dún? Ó tọ alágbẹ̀dẹ lọ. Ó ní kí ó ṣe ẹwìrì kékeré kan fún òun, aláwọ ewúrẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ iná. Alágbẹ̀dẹ bi í pé irin wo ló fẹ́ rọ. Ó ní orin ni. Alágbẹ̀dẹ ṣe é fún un, kò sì bèèrè nǹkan mìíràn.

Onídùùrù á fi ẹnu ẹwìrì há ihò dùùrù, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, dùùrù á ké. Ẹwìrì yìí kì í wúkọ́. Kì í dàgbà, kì í sunkún, kì í gbààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sáré gun òkè kí ó tó wá fọn dùùrù. Onídùùrù fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Bí ó bá parí iṣẹ́ kan, á fa àga sún mọ́ ọn, á ní kí a gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Wàyí o, ó yẹ kí o mọ ohun kan nípa ahọ́n idẹ. Kì í dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. A máa gbé orí sókè díẹ̀, bí ìwọ̀n fọ́nrán irun, kí èémí lè rí ibi dì í mú. Bí orí rẹ̀ bá sún mọ́lẹ̀, èémí kékeré tó láti jí i. Bí a bá gbé e sókè jù, èémí ńlá nìkan ló lè mì ín. Èémí kékeré á kàn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, fùùù, bí àlejò tó gba ẹ̀yìnkùlé ẹni tó sùn. Ẹwìrì lágbára. Nítorí náà Onídùùrù ń gbé ahọ́n sókè, ó ń gbé e sókè sí i, kí ohùn lè kún dáadáa lẹ́nu ẹwìrì.

Àwọn géńdé tó ń kó ẹrù ní èbúté ra dùùrù rẹ̀, wọ́n fọn ọ́n, àdúgbò mì. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn a máa dá tiwọn padà. Arúgbó ni ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Tíṣà kan wà tó ní ikọ́ fée. Wọ́n á ní kò dún, pé fùùù ló ń ṣe. Onídùùrù kì í bá wọn jà. Á gba dùùrù náà, á fi há ẹnu ẹwìrì, á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, dùùrù á sì kọrin bí áńgẹ́lì tó jẹun yó. Á kàn máa wò wọ́n. Àwọn náà á dúpẹ́, wọ́n á tọrọ àforíjì, wọ́n á gbé dùùrù wọn lọ sílé, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ, wọ́n á máa nù ún ní ọjọọjọ́ Sátidé.

Mú ọ̀rọ̀ àforíjì yẹn dání fún mi, Àjàdí. Má gbé e sílẹ̀ títí a ó fi débẹ̀.

Atukọ̀ kan wà tó ń gbé ènìyàn kọjá ọ̀sà láti ìlú náà lọ sí abúlé tó wà ní òdìkejì. Òdìkejì yẹn ni ilé tirẹ̀ wà. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mọ ọ̀nà, òun náà mọ ọkọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni ìṣòro wọn. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kùrukùru a máa bo ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kì í rí àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀. Ohun tó wá burú ni pé ní apá ìsàlẹ̀, ọ̀sà pàdé òkun, omi ibẹ̀ sì máa ń fa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, láìpariwo, bí ẹni ń ká aṣọ kúrò lára ọmọ tó sùn. Ọkọ̀ tó bá gba ibẹ̀ lọ kì í bọ̀, igbe ẹnu ènìyàn kì í sì í rìn jìnnà nínú kùrukùru náà.

Nítorí náà, láti ìgbà tí atukọ̀ ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀, nígbàkúùgbà tí kùrukùru bá bolẹ̀, ìyàwó a sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté ti abúlé pẹ̀lú dùùrù ẹnu rẹ̀. A máa fọn orin kúkurú kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Bí ó bá fọn ọ́n tán, a tún bẹ̀rẹ̀, títí imú ọkọ̀ yóò fi yọ nínú funfun náà. Ọkọ rẹ̀ a gbé àjẹ̀ sókè láàárín omi, a tẹ́tí, a yí imú ọkọ̀ sí ibi tí orin ti ń wá. Àwọn tó ti wọ ọkọ̀ náà rí sọ pé bí àlá ló rí. Ojú kò rí òkè, ojú kò rí ilẹ̀, orin kan ń fà ọ́ bọ̀ bí okùn, o kò sì mọ̀ bóyá ìwọ lò ń lọ tàbí ilé ló ń bọ̀ wá pàdé rẹ.

Dùùrù obìnrin náà ti gbó. Iyọ̀ omi ti jẹ irin rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti há bí ti ẹni tó sunkún mọ́jú. Atukọ̀ rò pé kí òun ṣe ìyàwó òun lóore kí ọyẹ́ tó dé. Ó gbé dùùrù náà tọ Onídùùrù wá.

Onídùùrù ṣí i, ó mi orí. Gbogbo ahọ́n inú rẹ̀ ló ti forí balẹ̀. Kò bèèrè ohun tó tẹ̀ wọ́n ba. Ì bá ṣe pé ó bèèrè, wọn ì bá sọ fún un pé obìnrin kan àti dùùrù kan ti jọ darúgbó. Bí èémí ọ̀kan ti ń kéré, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń tẹ orí ba kí ó lè máa gbọ́ ọ. Onídùùrù rò pé àìsàn ni. Ó gbé gbogbo wọn dìde. Ó gbẹ́ igi tuntun sí i, ó fi ìda pa á, ó dán irin rẹ̀, ó sì fín ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sí ìbòrí, pẹ̀lú ènìyàn kan tó dúró nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi há ẹnu ẹwìrì. Ẹyẹ tó tẹ́ ìtẹ́ sí àjà ṣọ́ọ̀bù fò jáde, kò sì padà wá mọ́.

Inú atukọ̀ dùn. Ó gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó rọra bèèrè pé, "Ọ̀gá, ìyàwó mi ti dàgbà o. Ṣé èémí rẹ̀ á ká eléyìí?"

Onídùùrù wo ẹwìrì. Ó ní, "Ohun tó bá dára, gbogbo ayé ló dára fún."

Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti da ilé rú ló dùn létí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni atukọ̀ gbé dùùrù dé ilé. Ìyàwó rẹ̀ wo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fín sí i, ó fi ìka tọ ọ́, ó ní ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà jọ ọkọ òun àyàfi ti ikùn. Ó gbé e sẹ́nu, ó fọn ọ́n. Fùùù. Ó tún fọn ọ́n. Fùùù. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ọmọdé tó gbé ìwé àṣeyọrí wálé. Obìnrin náà kò fẹ́ ba ayọ̀ yẹn jẹ́. Ó ní òtútù ló mú òun láyà, pé bí òun bá mu àgbo, yóò dún lọ́la. Ó mu àgbo náà. Ó korò.

Ní ọjọ́ kejì, ọyẹ́ ti dé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ nígbà tí atukọ̀ kọjá sí ìlú lọ kó èrò. Èrò méjì ló rí. Ìkíní ni Onídùùrù fúnra rẹ̀, tó kó dùùrù sínú àpò lọ fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì abúlé. Èkejì ni obìnrin alágbàtà adìẹ kan, tó gbé agọ̀ adìẹ ńlá kan wọ ọkọ̀, tó sì fi aṣọ bò ó nítorí òtútù.

Wọn kò tíì dé ìdajì omi tí kùrukùru fi bolẹ̀. Kò sáré wá. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ pé èbúté ìlú ti wà lẹ́yìn wọn, nígbà tí wọ́n sì tún bojú wẹ̀yìn kò sí mọ́, kò sì sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Funfun ni òkè, funfun ni ìsàlẹ̀. Omi ń kán láti etí àjẹ̀, wọn kò sì rí ibi tí ó ń bọ́ sí. Onídùùrù na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ọwọ́ náà lọ ó kù sí ọrùn ọwọ́. Ó fà á padà láti mọ̀ bóyá ó pé.

Alágbàtà adìẹ ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Ó ń rojọ́ ọkọ rẹ̀ àtijọ́, tó ní òórùn adìẹ ni kò jẹ́ kí òun sùn, tó wá lọ fẹ́ obìnrin tó ń ta irú. Atukọ̀ rọra bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dákẹ́ díẹ̀, pé ìyàwó òun máa tó fọn dùùrù.

Ó dákẹ́. Wọ́n tẹ́tí. Kò sí nǹkan kan.

Atukọ̀ ní ó máa fọn ọ́n, pé kò já òun kulẹ̀ rí. Wọ́n tún tẹ́tí. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tù ú. Atukọ̀ ti ọwọ́ bọ omi. Nígbà tí ó yọ ọ́, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Ìsàlẹ̀ ló ń gbé wa lọ."

Ìgbà yẹn ni Onídùùrù rántí ìbéèrè tí atukọ̀ bi í, àti ìdáhùn dídùn tí òun fún un.

Atukọ̀ ní kí ó yọ ọ̀kan nínú dùùrù tó wà lápò, kí ó fọn ọ́n kíákíá. Bí àwọn ará abúlé bá gbọ́ ohùn láti ojú omi, wọ́n á lu ìlù sí wọn. Ó ní ọwọ́ òun kò gbọdọ̀ kúrò lára àjẹ̀, bí òun bá fi í sílẹ̀, ó tán. Onídùùrù yọ dùùrù kan. Ó wò ó. Ó rí ẹnu òyìnbó kan tí kò mọ̀ rí, ó rí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó na dùùrù náà sí alágbàtà adìẹ.

Obìnrin náà kò gbà á. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é? Kí ló wà nínú ẹ̀ tí ẹ̀ ń sá fún?"

Onídùùrù pa ojú dé. Ó gbé dùùrù sẹ́nu, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ náà. Ó fọn ọ́n pẹ̀lú gbogbo èémí tó wà láyà rẹ̀.

Fùùù.

Ó yọ òmíràn. Fùùù. Ó fa èémí sínú. Ó mí i jáde. Òtútù ti mú un, ẹ̀rù sì ti gba ìdajì àyà rẹ̀, ìdajì tó kù kò tó láti jí ahọ́n kan ṣoṣo. Dùùrù tí ẹwìrì fi ń kọrin bí áńgẹ́lì, kò dá ẹni tó ṣe é lóhùn. Ó jókòó síbẹ̀, Àjàdí, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu, ó ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ti ń gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sínú kùrukùru.

Alágbàtà adìẹ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó kẹ́dùn, ó tẹ̀ síwájú, ó sì ká aṣọ kúrò lórí agọ̀.

Àkùkọ pupa kan wà nínú agọ̀ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bo aṣọ lé e ni ó ti wà nínú òkùnkùn. Wàyí ó la ojú, ó rí funfun níwá, ó rí funfun lẹ́yìn, ó gbà pé ilẹ̀ mọ́, pé wọ́n sì ti ń dúró de òun. Ó nà ró. Ó gbọn ìyẹ́. Ó kọ.

Kò sí ẹni tó tún un ṣe rí. Kò sí ẹni tó fi fáìlì ha á.

Ohùn náà lọ sórí omi, ó pẹ́, ó rá. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà jíjìn, ní apá òsì níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rò, àkùkọ mìíràn dáhùn. Ẹ̀dá kan kò lè gbọ́ pé ẹlòmíràn ń sọ pé ilẹ̀ mọ́ kí ó dákẹ́, bí a bá ti yọ ènìyàn kúrò. Atukọ̀ ní, "Àkùkọ ilé mi nìyẹn," ó sì yí imú ọkọ̀ padà. Ti inú ọkọ̀ ń kọ, ti ilé ń dáhùn, wọ́n ń bú ara wọn, ọkọ̀ sì ń bọ̀ láàárín èébú méjèèjì bí ẹni tí a ń fà lọ́wọ́.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá obìnrin kan lulẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ìyàwó atukọ̀ ni. Ó ti wọ inú omi dé àyà. Ó ti rò pé bí òun bá sún mọ́ wọn sí i, bóyá èémí òun á tó. Dùùrù náà wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó ń fọn ọ́n, ó ń fọn ọ́n, kò sì sí ohùn kankan. Omijé rẹ̀ ń bọ́ sórí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fín sí ìbòrí.

Ọkọ rẹ̀ bẹ́ sómi, ó gbé e.

Nígbà tí wọ́n gbé obìnrin náà dé etí iná, tí wọ́n da aṣọ bò ó, Onídùùrù ni ó kọ́kọ́ wò. Ó na dùùrù náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Iṣẹ́ yín dára. Èmi ni mi ò lókun mọ́."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún Onídùùrù rí ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́. Lọ́jọ́ yìí kò rí ibi gbà á sí. Ó kúnlẹ̀. Ó bẹ obìnrin náà pé kí ó mí sí ẹ̀yìn ọwọ́ òun.

Obìnrin náà rò pé ìwòsàn ni, ó mí sí i. Èémí náà kéré. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń gbọ̀n, ó dà bí ìgbà tí ẹyẹ kékeré bà lé ènìyàn lọ́wọ́ tó sì tún fò. Onídùùrù dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ níwájú ẹnu obìnrin náà, ó ń kọ́ èémí yẹn bí ẹni ń kọ́ orin.

Ó ṣí dùùrù. Ó fi èékánná tẹ ahọ́n kìíní sílẹ̀, ó dé e, ó na dùùrù sí obìnrin náà. Ìyẹn fọn ọ́n. Ó kù díẹ̀. Onídùùrù gbà á padà, ó tún un tẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó, kò sì sí ẹwìrì nítòsí, nítorí náà ó gbé e sí ẹnu ara rẹ̀, tààrà láti ẹnu obìnrin náà, ó sì rọra mí sí i bí òun ti gbọ́ tí ó ń mí. Dùùrù náà ní adùn obì àti ẹja yíyan. Kò pa á.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti ahọ́n dé ahọ́n, láti ẹnu dé ẹnu. Nígbà tí kùrukùru ń ká kúrò lórí omi, obìnrin náà fọn orin kúkurú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò le tó ti ẹwìrì. Ẹyẹ kankan kò fò. Atukọ̀ tó wà nínú ọkọ̀, tó ń gbọ́n omi jáde, dáwọ́ dúró, ó sì yí ojú sí ibi tí orin ti ń wá, láìmọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Onídùùrù dá ẹwìrì padà fún alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ bi í pé ṣé ó ti rọ orin náà tán. Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá dé, kó tó ṣí dùùrù rẹ̀, á na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i, á ní kí ó mí. Òkìkí kàn pé ó ti di wòlíì. Àwọn aláìsàn ń wá. Ó ń tún dùùrù ṣe fún wọn.

Àjàdí, o wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. O ní o lọ mú un wá láti oko kí ó lè gbádùn. O ní o fún un ní iyàrá tirẹ̀, ibùsùn gíga, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ilé tí o dàgbà sí. O ní kò jẹun dáadáa, kì í sọ̀rọ̀, pé láti àárọ̀ ni ó ń lọ jókòó sẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. O ní àìmoore ni. O ní kí n bá ọ sọ fún un.

Mo ti dé ilé náà. Ó dára. Mo jókòó sórí àga rẹ, àga náà gbé mi mì, ìyàwó rẹ ló fà mí yọ. Mo wolẹ̀, mo rí àgbàlagbà kan nínú táìlì, mo kí i kí n tó mọ̀ pé èmi ni. N kò rí àbùkù kan. Ìwọ fúnra rẹ ló sì dán gbogbo rẹ̀ wò: o sùn sórí ibùsùn náà, ó dùn mọ́ ọ, o tan ẹ̀rọ náà, ara rẹ tutù. Ọmọ ìyá rẹ ni ọ́, Àjàdí, o lágbára. Ẹwìrì náà lágbára.

Mo bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ bí o ti rán mi. Kò jiyàn. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Ó ní ilé rẹ dára, pé òun ni òun kò mọ ayé jẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kí o mú dání nìyẹn. Gbé e kalẹ̀ báyìí, kí o wò ó.

Máa lọ sílé. Má yà ní ọjà, má ra nǹkan kan dání. Gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Jókòó tì í nílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, kí o na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ sí i. Bí o kò bá tètè gbọ́ nǹkan kan, má tíì dìde.